Ẹṣin Onígi àti Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Dákẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá sí ìpàdé wa ní mọ́sáláṣí lọ́sàn-án Sátidé máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Bí mo bá ní mo ń tún ère àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì ṣe, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ṣe é, ìbòrí mi ò sì kúrò lórí mi lọ́jọ́ kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ẹ ń ronú ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí. Mi ò ní kí ẹ ṣe irú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù kò tíì mọ̀wé kà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé àpótí ńlá onígi kan sórí pẹpẹ. Ó ní ilẹ̀kùn méjì bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ ó rí àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tí wọ́n sì fi góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò: obìnrin kan tó jáde láàyè nínú ikùn dírágónì, ọkùnrin kan tó gbé ọmọ lé èjìká kọjá odò. Ìtàn ẹni mímọ́ kan ṣoṣo lè kún inú àpótí kan. Mi ò sọ pé gbogbo ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan jókòó, ó fi sùúrù gbẹ́ ẹ, àti pé kòkòrò, òtútù, ooru àti ọwọ́ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ láti ìgbà náà. Iṣẹ́ mi ni láti dá ìbàjẹ́ náà dúró.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n rán mi wá ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Rye Lane. Obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Madam Grẹ́tà, ló gba yàrá òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ère ṣe. Madam rí i pé mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku kúrò láàárín ìka ẹsẹ̀ ère kan, dípò kí n fi aṣọ nù ún. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mo ní mo fẹ́. Owó oṣù náà kò pọ̀, àmọ́ ó tó mi jẹ.

Kíkọ́ṣẹ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Madam kì í pariwo, wọn kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ẹni tó bá fi lọ́fínńdà para, ilé ló máa padà sí lọ wẹ̀. Òrùka kò gbọdọ̀ wọlé. A kì í sáré nínú yàrá náà, a kì í sì í na ìka sí ojú ère, torí ìka lè ṣèèṣì kàn án. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ mi ò ju kí n jókòó níwájú ère kan kí n sì sọ ohun tí mo rí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mo lè sọ pé obìnrin yìí ń sunkún. Madam á ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Màá ní omi wà lójú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Àbí fáníìṣì ló ṣàn síbẹ̀? Lọ tún un wò." Inú bí mi gan-an nígbà náà. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè náà kí wọ́n tó bi mí. Ọkọ mi ní Madam ti ba ìyàwó òun jẹ́: bí òun bá sọ pé búrẹ́dì ti tán, mo lè bi òun pé báwo lòun ṣe mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni itọ́. Ẹ má yínmú. Itọ́ ẹnu wà lára ohun tó dára láti fi nu ìdọ̀tí kúrò lára ọ̀dà àtijọ́, torí kì í le bí ọṣẹ. A máa ń yí òwú mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi kan ahọ́n, a ó rọra yí i lórí ojú ère, a ó sọ ọ́ nù, a ó sì mú òmíràn. Òwú tó bá ti kan ère kò gbọdọ̀ padà sẹ́nu, nítorí májèlé wà nínú àwọn ọ̀dà kan.

Nígbà tí Ramadan àkọ́kọ́ mi níbẹ̀ dé, mo lọ bá alfa wa, mo ní ṣé òwú tí mo ń fi kan ahọ́n lè ba ààwẹ̀ mi jẹ́. Alfa ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Itọ́ ẹnu tìẹ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lo wá ń fi nù?"

Mo ní irùngbọ̀n ẹni mímọ́ kan. Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé bí nǹkan kan kò bá ti kọjá ọ̀fun mi, ààwẹ̀ mi pé. Ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ ìdáhùn náà kò yanjú iṣẹ́, torí nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹnu mi á ti gbẹ, kò ní sí itọ́ kankan níbẹ̀.

Mo sọ fún Madam, wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lọ sídìí igi. Láti ìgbà náà, bí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, mo máa ń fi ọ̀dà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù, èmi á máa dí ihò tí kòkòrò lu, màá máa gbẹ́ ìka tó já àti ewé tó ṣẹ́. Madam ní kí n gbẹ́ ìka kan, kí n jù ú nù, kí n tún un gbẹ́, títí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀nà. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ mọ ọ̀dà jù mí lọ, mi ò jiyàn rẹ̀. Ní ti igi, èmi ni wọ́n ń pè. Mi ò lè sọ pé ààwẹ̀ nìkan ló sọ mí di oníṣẹ́ igi, àmọ́ bí ẹ bá yọ oṣù náà kúrò nínú àwọn ọdún mi, mi ò mọ ìgbà tí ǹ bá ti rí àyè kọ́ ọ.

Irinṣẹ́ ti yí padà púpọ̀. Ọjà Deptford ni mo ti ra abẹ ìgbẹ́gi mi àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó tẹ́ irin àtijọ́ sílẹ̀ lórí tapólì. Mo pọ́n wọn fúnra mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jó ìdọ̀tí kúrò dé, àti fọ́tò tó ń fi inú igi hàn bí dókítà ṣe ń fi egungun hàn. Itọ́ pàápàá, wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ sínú ìgò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ti àtijọ́ ló dára jù, ẹ bi í pé èwo nínú wọn. Mo fẹ́ràn abẹ mi, mo sì fẹ́ràn fọ́tò náà, torí kí fọ́tò tó dé, a máa ń ṣèèṣì gbẹ́ dé ibi tí ìṣó wà nínú igi, abẹ á sì kán.

Madam dàgbà, wọ́n fẹ̀yìntì sí Brockley, wọ́n sì fi yàrá náà sílẹ̀ fún mi. Àárín ìgbà yẹn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà kan gba ìsàlẹ̀ wa. Mummy Tọ́lá, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tèmi díẹ̀, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé, òun ló sì máa ń bá mi gba ẹrù bí mi ò bá sí nílé. Alhaja ló ń pè mí. Mo sọ fún un pé mi ò tíì lọ sí Mẹ́kà, ó ní màá lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ se àtè lẹ́yìn tí wọ́n dé, tí a máa ń fi àpò inú ẹja ṣe, ó gun àtẹ̀gùn wá.

"Alhaja, ẹja wo lẹ fi se ọbẹ̀ yìí?"

Mo ní kì í ṣe ọbẹ̀, àtè tí mo fi ń lẹ ọ̀dà ni. Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní kí n má tijú, ata wà nísàlẹ̀ bí mo bá nílò rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá sọ fún Mummy Tọ́lá pé kò sí ìṣòro, ó ti mọ̀ pé ìṣòro wà, ojú ló ń tì yín. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí a sì ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ wa.

Àpótí ńlá tó gbẹ̀yìn tí mo gbà ni ti ẹni mímọ́ Ẹlíjíọ́ọ̀sì. Ìletò kan tó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín. Àwọn kan sọ pé Flanders, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Irú igi àti ọ̀nà ìgbẹ́ rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ agbẹ́gi kò sí níbẹ̀, nítorí náà mo máa ń sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn ní Ẹlíjíọ́ọ̀sì jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n mú ẹṣin alágídí kan wá fún un kó kan bàtà irin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹṣin náà sì ń ta ènìyàn nípàá. Ó gé ẹsẹ̀ náà, ó gbé e sórí irin, ó kan bàtà mọ́ ọn, ó dá ẹsẹ̀ padà sáyè rẹ̀, ẹṣin sì rìn lọ. Agbẹ́gi mú ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹṣin náà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dúró de ẹni tó ń bá a ran bàtà. Mo fẹ́ràn ẹṣin yẹn gan-an.

Mísìs Hílà, àgbẹ̀ tó ń sin ẹṣin tó tún jẹ́ alábòójútó ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ló gbé e wá. Ó ní lọ́dọọdún, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ará ìletò máa ń kó ẹṣin wọn wá gba àdúrà níwájú àpótí náà, wọ́n sì fẹ́ kó padà kí ìgbà náà tó dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn tutù, igi náà sì ti mọ́ òtútù lára. Bí ooru bá kàn án lójijì, igi á gbẹ, á sún kì, ọ̀dà kò sì ní lè bá a sún kì. Nítorí náà mi ò tan hítà ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Kóòtù ni mo ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Mummy Tọ́lá gbé ẹrù wá fún mi, ó rí mi nínú ìbọ̀wọ́, ó ní ṣé hítà mi bàjẹ́ ni.

Mo ní, "Rárá o, Mummy. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ìyọnu."

Ó mi orí, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Èmi lọ síbi yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Birmingham, mo sì sun ibẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ni ooru bò mí lójú. Hítà ńlá méjì ti ṣọ́ọ̀ṣì wà ní apá méjèèjì yàrá, wọ́n ti ń jó láti alẹ́ Jímọ̀. Mummy Tọ́lá gun àtẹ̀gùn bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú fíláàsì tíì lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ò fẹ́ kí n dé bá òtútù. Mi ò tíì dá a lóhùn tí mo fi gbọ́ ọ: tá, tá, bí ìgbà tí epo bá ń gbóná nínú agbada. Ara ẹṣin náà ló ń dún. Ọ̀dà ti dìde lára rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, àwọn kan sì ti bọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Góòlù wà nílẹ̀ níwájú yín."

Ó wolẹ̀, ó rí i, ó sì wò mí lójú. Ó dúró sójú kan bí ère, fíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, títí mo fi fi búrọ́ọ̀ṣì ṣa gbogbo èyí tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo pa hítà, mi ò ṣí fèrèsé, torí òtútù òjijì lè ba èyí tó kù jẹ́. Mo pe Madam. Takisí ló gbé wọn dé, wọ́n fi ọ̀pá gun òkè, wọ́n wo ẹṣin náà pẹ́. Mo ń sunkún lákòókò yẹn, mo sì ń gbìyànjú láti ṣàlàyé pé inú rere ló fà á.

Madam ní, "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Nígbà náà lọ fọ ọwọ́ rẹ, ká bẹ̀rẹ̀."

Mo kọ́kọ́ tẹ Mísìs Hílà láago lọ́jọ́ náà gan-an, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àyàfi orúkọ ẹni tó gbé hítà wọlé. Ó ní ìgbìmọ̀ wọn á wá wò ó bí ìgbà òtútù bá parí. Bí ẹṣin náà kò bá tíì padà bó ṣe rí, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn ẹlòmíràn. Mi ò lè bá a wí. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: yàrá tí Madam kò ti sọ ìpẹ́ ọ̀dà kan nù rí, lọ́wọ́ mi ni orúkọ rẹ̀ á ti bàjẹ́.

Ọ̀nà tí a fi ń dá ọ̀dà padà rọrùn láti sọ. A ó tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan àtè sí abẹ́ rẹ̀, a ó dúró kó rọ̀, a ó sì fi irin kékeré tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó le ni pé títí àtè á fi gbẹ, ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mì. Ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsọjí. Tẹ́lẹ̀, fóòmù tí mo máa ń tẹ́ sábẹ́ ère tó láti gba ìlù wọn, torí ọ̀dà tó lẹ̀ dáadáa kì í bọ́ nítorí ìlù. Ti ẹṣin yìí kò lẹ̀ mọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Pásítọ̀ wọn lẹ́yìn ìsìn. Ìjọ wà níbẹ̀. Pásítọ̀ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ mi tán.

"Alhaja, ẹ ò ní bínú. Ṣé kí n wá sọ fún ìjọ pé kí a dá ìlù dúró nítorí ère?"

"Pásítọ̀, èmi náà kì í bọ ère, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹṣin ẹlẹ́ṣin ni. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ dá a padà fún wọn."

Kóládé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu dùrọ́ọ̀mù, ní ṣé àtẹ́wọ́ náà kò gbọdọ̀ dún ni. Mo ní àtẹ́wọ́ ò ní wàhálà, dùrọ́ọ̀mù àti fífò ni.

"So a ò ní fò? Ní ìsọjí? Ah, Alhaja, allow it now."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní òun ò rò pé ìlù ìsàlẹ̀ lè dé òkè tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gbà mí gbọ́, kí wọ́n wá wò ó. Mo mú wọn lọ sókè, mo gbé ife omi kan sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, jìnnà sí àpótí, a sì ní kí Kóládé, tó dúró nísàlẹ̀, fi ẹsẹ̀ tẹ ìlù ńlá lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Omi náà gbọ̀n. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó títí ó fi dúró.

Nígbà tí a padà sísàlẹ̀, díkínì kan ṣì ń sọ pé ẹni tó fi ère sínú ilé ni kó wá ibòmíràn gbé e sí. Mummy Tọ́lá dìde. Kò tíì sọ fún ìjọ tẹ́lẹ̀.

"Hítà wa ló bà á jẹ́. Èmi ni mo gbé e lọ. Alhaja sọ fún mi pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, mi ò gbà á gbọ́. Ó sì lè fi orúkọ mi fún àwọn tó ni ín, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lulù, kó kọ́kọ́ wá lù mí."

Díkínì jókòó. Pásítọ̀ ní ìjọ á máa kọrin jẹ́jẹ́.

Mi ò rò pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Peckham, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ṣe ìsọjí láìsí dùrọ́ọ̀mù. Wọ́n jókòó kọrin, ohùn wọn ń gba inú pákó gòkè sí mi bí ìgbà tí ìyá bá ń rẹ ọmọ. Kóládé ń fi ìka lu itan ara rẹ̀. Àwọn àlejò tó wá láti Lewisham rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Mummy Tọ́lá ń gòkè láràárọ̀ wá bá mi yí òwú, bí mo bá sì sọ pé mi ò nílò nǹkan kan, ó máa ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń gbà á gbọ́ ní ìgbà kejì. Madam ń wá nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá gbà wọ́n láyè, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí mo rí.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹṣin náà tún ní awọ. Àyà rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀. Àwọn ìpẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, mo tò wọ́n sínú àwo, mo ń fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wá ibi tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ti bá ara mu. Ẹyọ kan ṣẹ́kù tí mi ò rí ibi tó ti wá. Ihò kan wà lókè pátákò tó lè jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ẹnu wọn kò bá ara mu dáadáa. Mo lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mi ò lẹ̀ ẹ́.

Ìgbìmọ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀ tí Mísìs Hílà fi ń gbé ẹṣin, wọ́n ti fi tìmùtìmù bò ó nínú. Mísìs Hílà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin, ó wò ó dé ìrù, bí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́jà. Mo fi ibi pátákò hàn án, mo sì fi ẹyọ tó ṣẹ́kù hàn án nínú ìgò kékeré. Mo ní mi ò mọ ibi tó ti wá. Àwọn yòókù wo ara wọn.

Mísìs Hílà ní, "Ìyókù ńkọ́? Ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ìyókù dá mi lójú."

Ó fi ìgò sínú àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀, Pásítọ̀ di ilẹ̀kùn mú. Àwọn ìyá ìjọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń na ọrùn kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n dákẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹnì kan ní ẹṣin náà lẹ́wà. Díkínì béèrè pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, Mummy Tọ́lá sì fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ gbogbo ìtàn náà fún un, ó tiẹ̀ fi díẹ̀ kún un.

Ọkọ̀ yí sójú títì, ó lọ. Mo padà sókè. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀, mo sì ti pinnu pé mi ò ní gba òmíràn mọ́, màá fẹ̀yìntì. Mo gbọ́ tí Kóládé pè mí láti ìsàlẹ̀, ó ṣì ń rọra sọ̀rọ̀.

"Alhaja? Ṣé ọkọ̀ náà ti kọjá iná ojú títì?"

Mo lọ sójú fèrèsé. Ó ti kọjá.

"Ó ti kọjá, ọmọ mi."

Ìlù dún nísàlẹ̀, gbogbo ilé sì mì. Eruku bọ́ láti àjà sórí tábìlì mi tó ṣófo. Mo fa àga kan, mo jókòó, mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi lé pákó, mo sì jẹ́ kó máa mì.